Bí O Ṣe Lè Ya Fíìmù Sọ́ńbì Apanilẹ́rìn-ín Pẹ̀lú Owó Táṣẹ́rẹ́ Kí Alẹ́ Halloween Tó Dé

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ya fíìmù sọ́ńbì, òkú tó jí dìde tó ń rìn kiri, èèrà ló jẹ òṣèré mi kí sọ́ńbì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣúgà la fi se ẹ̀jẹ̀ tí a dà sí i lọ́rùn, orí koríko la sì tẹ́ ẹ sí pé kó kú síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 kò pé tí òkú fi fò dìde, tó ń gbọn ṣòkòtò, tó ń ké pe ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà ṣì ń yà á. Lálẹ́ Halloween, ìyẹn alẹ́ 31 oṣù kẹwàá tí àwọn ènìyàn máa ń múra bí òkú àti iwin, tí a gbé fíìmù náà sójú àwọn ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé eré tí mo kọ.

Mo ti ya mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, fún ẹni tó ní fóònù tó ń ya fídíò dáadáa, tó ní ọ̀rẹ́ 5 tàbí 6 tí ojú kì í tì, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fíìmù ìṣẹ́jú 8 sí 10 ni kó fojú sùn. Àwọn tí mo mọ̀ tó ní ti ìṣẹ́jú 90 làwọn máa ṣe, Halloween méjì ti ré kọjá lórí wọn, wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa bá wọn ya òpin rẹ̀.

Ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti 31 oṣù kẹwàá. Kí ìwé eré ti parí kí oṣù kẹsàn-án tó dé ìdajì. Fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e yà á. Fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gé e, tò ó, kí o fi ohùn sí i. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù, fi sílẹ̀ fún ohun tó máa bàjẹ́, torí nǹkan kan á bàjẹ́ dandan.

1. Ṣòfin fún sọ́ńbì rẹ

Sọ́ńbì kì í ṣe àkúdàáyà. Àkúdàáyà kú níbìkan, ó lọ ń gbé níbòmíràn, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó ń dá ènìyàn lóhùn. Sọ́ńbì kò mọ̀ pé òun wáyé rí. Láti Haiti ni ìtàn rẹ̀ ti wá: òkú tí olóògùn jí dìde kó lè máa sìn ín bí ẹrú. Òkú ti Haiti yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ni wọ́n ń fìyà jẹ. Night of the Living Dead tí George Romero gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968 ló sọ òkú tó ń rìn di ajẹ̀ènìyàn, wọn kò sì pè é ní sọ́ńbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ti ọpọlọ tí wọ́n ń jẹ yẹn, The Return of the Living Dead ló mú un wá ní 1985. Nígbà tó di 2002 tí 28 Days Later jáde, wọ́n ti ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ṣé o rí i? Ẹni tó ń ya fíìmù ló ń ṣòfin, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń yí i padà. Ìwọ náà ṣe tìrẹ, mẹ́ta péré: kí ló ń sọ ènìyàn di sọ́ńbì, kí ló ń fa sọ́ńbì mọ́ra, kí ni kò lè ṣe. Òfin kẹta yẹn ni àwàdà máa ń gbé.

Nínú fíìmù mi kejì, sọ́ńbì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn alààyè sá sí, fífà ni láti ìta. Sọ́ńbì pọ̀ níta bí eṣú, wọ́n ń tì, wọ́n ń tì. Kò séwu, àfi bí ẹnìkan bá lanu kọ́ wọn. Nígbà tó di ìṣẹ́jú keje, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n ti rò pé ó kú sáré dé láti òkèèrè, òun náà ń ti ilẹ̀kùn. Ni ẹ̀gbọ́n tó wà nínú ilé bá figbe ta: «Fà á! Fà á mọ́ra!» Gbogbo sọ́ńbì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Kò ná wa ní kọ́bọ̀ kan.

Bí o bá ti ṣòfin tán, kọ ọ́ sórí bébà, lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo òṣèré á ti máa rí i. Olùwòran á dárí ẹ̀jẹ̀ tó dà bí ọ̀dà jì ọ́, á dárí iná tí kò tó jì ọ́. Sọ́ńbì tí kò lè fa ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú 2 tó wá fà á ní ìṣẹ́jú 4 láìsí ẹni tó kọ́ ọ, wọn kò ní dárí ìyẹn jì ọ́.

2. Kọ ìwé eré tí kò kúrò lójú kan

Ojú kan, alààyè mẹ́ta, alẹ́ kan. Ojú ìwé kan nínú ìwé eré máa ń súnmọ́ ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán, nítorí náà má kọ ju ojú ìwé 8 tàbí 9 lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni pé wọ́n ń kọ àwàdà fún sọ́ńbì: sọ́ńbì ń jó, sọ́ńbì ń wọ gọ́gù, sọ́ńbì ń ya fọ́tò ara rẹ̀. Á pa wọ́n lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, á sú wọn nígbà kejì, ẹ̀rù á sì ti lọ pátápátá. Jẹ́ kí sọ́ńbì dẹ́rù bani ní tòótọ́. Àwọn alààyè ni kí a máa fi rẹ́rìn-ín, torí pé ikú wà lẹ́nu ọ̀nà, ìjà tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń jà nínú ilé. Bí èyí:

*Yàrá kékeré. Alẹ́. Ilẹ̀kùn ń mì. Ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń ha gíláàsì.*

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dé o.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí wọn. Ta ló yọ fóònù mi kúrò lára iná?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn!

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ku mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní ta ló yọ ọ́?

*Gíláàsì là díẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó. Wọ́n dákẹ́.*

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yè ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Ká yè tán, ká wá fi kí ni pe ènìyàn?

Kò sí ẹni tó ń dápàárá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n bínú dénú, àbúrò ń bẹ̀rù dénú. Bí òṣèré rẹ bá fi rẹ́rín músẹ́ pẹ́nrẹ́n pé òun mọ̀ pé ó dùn, tún un yà.

Ohun tó bá máa bú wọn lẹ́rìn-ín lópin, jẹ́ kí wọ́n ti rí i lẹ́ẹ̀méjì ṣáájú. Ní ti ilẹ̀kùn wa, àwọn alààyè fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì í nígbà tí wọ́n ń sá bọ̀, tí àbúrò fi kàn án lọ́wọ́ pé fífà ni. Nígbà kejì, sọ́ńbì kan tì í títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi orí sun ún. Nígbà tí ìgbà kẹta fi máa dé, olùwòran ti mọ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n pé kò yẹ kó lanu.

3. Ibi tí ẹ máa ti yà á

Ilé ẹni tó bá fún ọ láyè ló dára jù, bó sì ṣe kéré tó ni kò níí fi hàn pé ènìyàn rẹ kò pọ̀. Bí o bá fẹ́ àdúgbò tó dá páropáro, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí o jí. Bí wọ́n ṣe rí ìgboro London tó ṣófo nínú 28 Days Later nìyẹn: ìdájí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ tó kún títì. Kámẹ́rà kékeré tó ṣeé gbé kiri ni wọ́n sì lò, kó lè yára.

Sọ fún àwọn aládùúgbò. Sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín bí igbe bá máa wà tàbí tí ohun tó jọ ìbọn tàbí àdá bá máa hàn níta. Kí ohun náà sì jẹ́ páálí tàbí fóòmù, kó má ṣe ní irin nínú rárá. Wá ẹnìkan tí kì í ṣe òṣèré tó máa dúró lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú páálí tí a kọ «FÍÌMÙ LÀ Ń YÀ» sí. Bàbá àgbà kan tó ń rìn láàárọ̀ pàdé sọ́ńbì mi kan tó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn igi. Mi ò fẹ́ rántí ọjọ́ yẹn.

4. Ẹ̀jẹ̀

Níbí ni owó kékeré ti máa ń hàn jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ burúkú kì í fara pamọ́. Èyí tó bá pupa fòò bí ọ̀dà ọkọ̀, tàbí tó ń ṣàn bí omi, àwàdà tí o kò pète ni yóò dà.

Èyí tí mò ń sè nìyí. Ife ṣúgà méjì sí ife omi kan, gbé e kaná títí ṣúgà á fi yọ́ pátá, jẹ́ kó tutù. Kán aró oúnjẹ pupa sí i títí á fi pọ́n. Nígbà náà, bu ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí kékeré kan sí omi díẹ̀, pò ó kó má ṣe ní kókó, dà á sí i. Kòkó yìí ni àṣírí rẹ̀. Òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe là á kọjá, kó sì jọ ohun tó ti inú ara jáde wá. Bó bá ṣì mọ́lẹ̀ jù, kán aró búlúù ẹ̀kán kan péré. Ẹ̀kán méjì á sọ ọ́ di elése àlùkò. Mo ti fi ìkòkò kan ṣòfò síbẹ̀.

Dán an wò lábẹ́ iná tí ẹ máa fi yà á, kí o sì fi kámẹ́rà wò ó. Ojú lásán máa ń tan ènìyàn jẹ lórí àwọ̀ pupa.

Pín in sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu ni èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, torí pé oúnjẹ ni gbogbo ohun inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aṣọ ni èyí tí o máa bù ṣíbí ọṣẹ ìfọ-abọ́ kan sí, kó lè rọrùn láti fọ̀. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dé ẹnu, kò gbọdọ̀ dé ojú. Kọ orúkọ sára ìgò méjèèjì. Aró a máa mú awọ ara, nítorí náà fi faselíìnì díẹ̀ pa ibi tó máa kàn kí o tó dà á. Tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Ra aṣọ tó máa gba ẹ̀jẹ̀ ní méjì tó jọra, kódà bó jẹ́ aṣọ òkìrìkà, torí pé bí ẹ bá ta ẹ̀jẹ̀ sí àkọ́kọ́ tí òṣèré gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Àti èèrà. Bí ẹ bá máa ṣe é níta, orí ọ̀rá tàbí sìmẹ́ńtì ni kí òkú sùn.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà yìí: ya fíìmù rẹ ní dúdú àti funfun. Sírọ́ọ̀pù ṣokoléètì ni Romero àtàwọn èèyàn rẹ̀ lò fún ẹ̀jẹ̀ ní 1968, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ lójú àwòrán. Dúdú àti funfun á tún bá ọ bo iná tí kò dọ́gba àti ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ kò dáa. Fún fíìmù àkọ́kọ́, ohun tí mo máa gba ènìyàn nímọ̀ràn nìyẹn.

5. Ojú òkú

Má kun gbogbo ènìyàn bákan náà. Sọ́ńbì méjì tó máa súnmọ́ kámẹ́rà ni kí o lo wákàtí kan lé lórí. Àwọn tó wà láàárín, ìṣẹ́jú 15. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, fi ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n lẹ́nu, dojú aṣọ wọn rú, ó parí.

Fún àwọn méjì yẹn, fa tíṣù ya wẹ́wẹ́, já a sí ewé kan ṣoṣo, fi rọ́bà olómi tí wọ́n ń pè ní látẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jẹ́ kó gbẹ. Lẹ òmíràn lé e, ó tó ìpele mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá ti gbẹ tán, fi èékánná ya àárín rẹ̀, ká etí rẹ̀ sókè, kun ibi tó ya ní pupa tó dúdú, kí o sì da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i kó máa ṣàn wálẹ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ara tó jẹrà ni. Látẹ́ẹ̀sì a máa bá àwọn mìíràn jà, torí náà fi díẹ̀ sí wọn nínú apá ní ọjọ́ kan ṣáájú. Bí ó bá wú tàbí tó ń yún, faselíìnì àti tíṣù ni kí o lò fún ẹni náà.

Ní ti àwọ̀: bí òṣèré bá dúdú, má fi àtíkè funfun kùn ún. Ẹni tó bọ́ sínú ẹfun ni yóò jọ, kì í ṣe òkú. Àwọ̀ eérú tí o po àwọ̀ ewéko díẹ̀ mọ́ ló yẹ, kí o sì pa dídán ara rẹ̀ rẹ́, torí dídán ni ìyè. Yí ojú po pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ àti elése àlùkò, má lo dúdú nìkan. Pa ètè rẹ́. Kí o má sì gbàgbé ọwọ́ àti ọrùn! Mo ti rí sọ́ńbì tí ojú rẹ̀ ti jẹrà tán, tí ọwọ́ tó nà síta sì ń dán bíi tìyàwó tuntun.

Gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tí wọ́n ń tà láìsí àyẹ̀wò dókítà, fi í sílẹ̀. Ó lè dá ọgbẹ́ sí ẹyinjú ní ti gidi.

6. Bí ènìyàn mẹ́fà ṣe ń di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀

Ìròyìn tó gbalẹ̀ nípa Colin, fíìmù sọ́ńbì tí Marc Price yà ní Britain, tó jáde ní 2008, ni pé pọ́n-ùn 45 péré ni wọ́n ná lé e. Kò sí ohun tó lè kó èrò wá fún ọ ní irú owó bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀tàn.

Tún kámẹ́rà sún mọ́ wọn. Ènìyàn mẹ́fà nínú pápá, mẹ́fà náà ni. Mẹ́fà tí èjìká wọn kún ojú àwòrán láti etí dé etí, olùwòran á rò pé ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn wọn. Jẹ́ kí wọ́n gba iwájú kámẹ́rà kọjá, kí ẹni tó bá ti kọjá sáré gba ẹ̀yìn kámẹ́rà, kó pààrọ̀ fìlà tàbí aṣọ òkè, kó tún kọjá. Ẹni tó wà nítòsí ni kó hàn kedere. Jẹ́ kí àwọn ẹ̀yìn ṣú bàìbàì. Ìgbà mìíràn, má fi wọ́n hàn rárá: òjìji ọwọ́ lára kọ́tìnnì, ẹsẹ̀ mẹ́wàá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ènìyàn márùn-ún péré ni, tí bàtà wọn yàtọ̀ síra.

Ìrìn wọn ńkọ́? Sọ fún olúkúlùkù kó yan ibì kan tó kú lára òun: ẹsẹ̀ òsì, èjìká, ọrùn. Ibẹ̀ ni kó máa wọ́ kiri, kí orí sì ṣáájú ara. Ọwọ́ méjèèjì nínà síwájú, ọmọdé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń tiro bákan náà, ijó ni ẹ ń jó.

7. Kámẹ́rà àti iná

Fi fóònù sùn ní ìbú. Fi ìka tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti ìfojúsùn rẹ̀ má ṣe máa yí padà fúnra rẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀. Gbé e lé nǹkan nígbà tí àwọn alààyè bá ń jiyàn. Gbé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sá. Bí o bá ní áàpù tó jẹ́ kí o yan bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣẹ́jú tó, 1/50 ìṣẹ́jú àáyá ni fún ìgbà gbogbo, kí o sì gbé e sí 1/200 nígbà tí sọ́ńbì bá bẹ̀rẹ̀ sí kọlu ènìyàn. Ìrìn wọn á máa já gìjàgìjà, ẹ̀rù á sì ba olùwòran láì mọ ìdí.

Òru gidi kò dára fún fóònù. Àwòrán á kún fún ẹrẹ̀. Lo ogún ìṣẹ́jú tó tẹ̀lé ìgbà tí oòrùn wọ̀, fa ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà wálẹ̀ díẹ̀, tan iná pupa-pupa kan nínú ilé. Bí o bá fi àwọ̀ búlúù díẹ̀ kún un nígbà tí o bá ń tò ó, ààjìn ni. Ogún ìṣẹ́jú yìí kì í pẹ́ lọ, nítorí náà kí gbogbo ènìyàn ti kunjú tán, kí wọ́n ti dúró sí ipò wọn, kí oòrùn tó wọ̀.

8. Ohùn ni gbogbo rẹ̀

Bó bá jẹ́ ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo lo máa náwó lé, máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà ni. Olùwòran lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn. Bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, kò ní rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ba gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù mi àkọ́kọ́ jẹ́, a ní láti tún gbogbo rẹ̀ sọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Bí o kò bá lè ra máìkì, fi fóònù kejì sínú àpò àyà òṣèré, tan ìgbohùn-sílẹ̀ rẹ̀, kí ẹnìkan sì pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́ yẹn ni o máa fi so ohùn mọ́ àwòrán. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí o gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Á wúlò láti fi dí ibi tí o bá gé.

Lẹ́yìn náà ni ìgbádùn wá dé. Wé káróòtì méjì sínú aṣọ ìnura tó tutù, ṣẹ́ ẹ sétí máìkì: eegun ọrùn ni. Bó ọsàn, tẹ̀ ẹ́ nínú abọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì: wọ́n ń jẹ ìfun nìyẹn. Fún ìkérora sọ́ńbì, èémí tó ń wọlé ni kí òṣèré fi kérora, kì í ṣe èyí tó ń jáde. Gbìyànjú rẹ̀ báyìí, wàá rí i pé kò jọ ohùn alààyè. Gba ti ènìyàn mẹ́fà, fa àwọn kan wálẹ̀ kí ohùn wọn nípọn, to gbogbo rẹ̀ léra. Ogunlọ́gọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn kò sì tí ì hàn.

9. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á

Ojú ìwé 4 lójúmọ́ ti tó. Ya gbogbo ibi tí sọ́ńbì wà pọ̀, kí ojú kíkùn má ṣe di ẹ̀ẹ̀mejì. Fún àwọn sọ́ńbì lómi pẹ̀lú ìfami, torí wọn kò lè fi ẹnu kan ife.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, má tètè dá kámẹ́rà dúró. Ní Japan, Shinichiro Ueda fi bí mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 3 ya One Cut of the Dead, tó kọ́kọ́ jáde ní 2017. Ìṣẹ́jú 37 àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìyàwòrán kan ṣoṣo tí wọn kò gé, ó kún fún ìdákẹ́jẹ́ tí kò yẹ, òṣèré tó ń wo ibi tí kò yẹ, ohun tó jọ àṣìṣe. Abala tó kẹ́yìn wá sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń yí lulẹ̀ lẹ́rìn-ín. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí kò tí ì wò ó. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fi èèrà yẹn ṣe: nígbà tí mo dé ìdí ìtò fíìmù, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún ẹnu alààyè tó ń wò ó lókèèrè, «Ẹ wò ó, ọ̀kan ti jí!», òkú tí èèrà ń jẹ sì di sọ́ńbì àkọ́kọ́ nínú ìtàn.

10. Gígé àti títò

Gé ẹ̀rù kúrú, fi ẹ̀rín sílẹ̀ kó gùn. Nígbà tí sọ́ńbì bá yọ, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó, kí olùwòran má ríbi yẹ ojú rẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn sọ́ńbì bá ń wo ọwọ́ ilẹ̀kùn, má gé. Kà dé mẹ́rin. Ka ìkarùn-ún. Ẹ̀rín inú ìdákẹ́jẹ́ ló wà.

Má lo orin olórin. Wọ́n á pa ohùn fíìmù rẹ lẹ́nu mọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣíbí tí a fi ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí o fà kó lọ́ra, dẹ́rù bani ju fèrè lọ. Bí tẹlifíṣàn bá sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá àwọn alààyè, Night of the Living Dead ṣeé lò níbẹ̀ ní Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà kó tó jáde, àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ jábọ́ kúrò lára rẹ̀, òfin ìgbà yẹn sì sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Kí ìwọ kọ orúkọ rẹ àti ọdún sára tìrẹ o.

11. Alẹ́ Halloween

Lọ wò ó lójú tẹlifíṣàn tàbí ògiri tí ẹ máa lò gan-an ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ohun tó hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà rẹ lè di òkùnkùn biribiri níbẹ̀. Tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ ju bí ọkàn rẹ ṣe fẹ́ lọ. So sípíkà mọ́ ọn. Sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kó ọmọ jókòó. Pa gbogbo iná.

Kọ orúkọ gbogbo sọ́ńbì sí ìparí, títí kan ẹni tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló hàn lábẹ́ ilẹ̀kùn. «Sọ́ńbì Tó Fi Orí Sun Ilẹ̀kùn.» «Sọ́ńbì Oníbàtà Pupa.» Àwọn ni wọ́n máa kó ìyá àti ọ̀rẹ́ wọn wá jókòó, àwọn náà ló máa pariwo jù nígbà tí orúkọ wọn bá ń gòkè. Lẹ́yìn orúkọ tó kẹ́yìn, jẹ́ kí ojú àwòrán ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ẹnìkan bá ti ń dìde láti tan iná, kí ilẹ̀kùn dún.